Ọ̀tọ̀ ni Ìjọra, Ọ̀tọ̀ ni Ìbáramu: Wíwá Arọ́pò fún Áísì Aṣàkóso Ẹ̀rọ Apèsè-Iná



1. Ìfáárà

Àkọlé ọ̀rọ̀ mi lè ya àwọn kan lẹ́nu. Wọ́n lè máa bi ara wọn léèrè pé kí ni ó kan onímọ̀ lítíréṣọ̀ nínú ọ̀rọ̀ iná mànàmáná. Ìdáhùn mi ni pé ọ̀rọ̀ ìwé kíkà ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ. Nígbà tí ẹ̀yà kan bá bàjẹ́ nínú ẹ̀rọ, tí a kò sì rí irú rẹ̀ gan-an rà, a ní láti wá òmíràn tí yóò rọ́pò rẹ̀. Ẹni tí yóò yan arọ́pò náà gbọ́dọ̀ lè ka ohun tí a kọ sí ara èyí tí ó bàjẹ́, kí ó mọ ohun tí a kò kọ síbẹ̀, kí ó sì lè ka àyíká tí ó ti ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ yìí kò jìnnà sí ti ẹni tí ń tọ́ ìwé àtijọ́ ṣe, tàbí ti ẹni tí ń túmọ̀ ìwé láti èdè kan sí òmíràn.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí ó jọ ohun ni a fi ń wé ohun. Èèpo ẹ̀pà ni ó jọ pósí ẹ̀lírí. Òwe yìí gbà pé ìjọra wúlò fún àfiwé. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò gbé òkú bàbá rẹ̀ sínú èèpo ẹ̀pà nítorí pé ó jọ pósí. Kókó tí mo fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ nìyí: ọ̀tọ̀ ni kí nǹkan méjì jọra, ọ̀tọ̀ ni kí ọ̀kan lè ṣe iṣẹ́ èkejì ní àyè èkejì.

Gírámà èdè wa pàápàá jẹ́rìí sí i. A mọ̀ pé “ó” àti “òun” lè dúró fún orúkọ kan náà. Bí Adé bá lọ, a lè sọ pé “Ó lọ.” Ṣùgbọ́n bí Adé àti Òjó bá jọ lọ, a kò lè sọ pé “Ó àti Òjó lọ”, “Òun àti Òjó lọ” ni a ó sọ. Arọ́pò ni àwọn méjèèjì, ẹnì kan náà ni wọ́n sì ń tọ́ka sí, síbẹ̀ àyè tí ọ̀kan lè jókòó sí, èkejì kò lè jókòó sí i. Ẹni tí ó bá gbọ́ èdè kò ní ṣe àṣìlò wọn. Irú gbígbọ́ bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ náà ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí yóò tún un ṣe.

2. Iṣẹ́ tí áísì aṣàkóso ń ṣe

Kí á tó sọ̀rọ̀ arọ́pò, ó yẹ kí á mọ ohun tí a fẹ́ rọ́pò. Áísì ni orúkọ tí àwọn tí ń tún ẹ̀rọ ṣe ń pe ègé dúdú kékeré tí a ń rí lórí pátákó inú rédíò, tẹlifíṣọ̀n àti kọ̀ǹpútà, tí ẹsẹ̀ irin wẹ́wẹ́ tò sí ìhà rẹ̀ bí ẹsẹ̀ ọ̀kùn. Inú ègé kan ṣoṣo yìí ni a kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ tiransísítọ̀ àti ẹ̀yà mìíràn jọ sí.

Èyí tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí ń gbé inú ẹ̀rọ apèsè-iná, ìyẹn apá ibi tí ẹ̀rọ ti ń gba iná láti ara ògiri, tí ó sì ń sọ ọ́ di irú èyí tí ara ẹ̀rọ lè gbà. Iná ara ògiri ní ilẹ̀ wa yẹ kí ó jẹ́ nǹkan bí 230 fólìtì, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹ̀yà inú ẹ̀rọ kò fẹ́ ju 5 tàbí 12 fólìtì lọ. Láyé àtijọ́, tiransífọ́mà onírin wíwúwo ni ó ń rẹ iná yìí wálẹ̀. Ọ̀nà tuntun yàtọ̀. A ó kọ́kọ́ sọ iná ara ògiri di èyí tí ń ṣàn sí apá kan ṣoṣo, a ó sì fi í pamọ́ sínú kapásítọ̀ ńlá kan, níbi tí yóò ti ju 300 fólìtì lọ. Lẹ́yìn náà ni tiransísítọ̀ ńlá kan yóò máa ṣí ọ̀nà iná náà, tí yóò sì máa tì í, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí yóò fi máa bu iná díẹ̀díẹ̀ sínú tiransífọ́mà kékeré. Nítorí pé bíbù náà yá kánkán, tiransífọ́mà náà kò ní láti tóbi. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ apèsè-iná òde òní fi fúyẹ́ lọ́wọ́.

Áísì aṣàkóso ni ó ń pàṣẹ fún tiransísítọ̀ ńlá yìí. Iṣẹ́ pàtàkì mẹ́ta ni ó ń ṣe. Èkíní, òun ni ó ń lu ìlù tí iṣẹ́ náà ń tẹ̀ lé: ó ń pinnu iye ìgbà tí ọ̀nà yóò ṣí ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Èkejì, ó ń gba ìjábọ̀ láti ibi tí iná ti ń jáde, ó sì ń fi ìjábọ̀ náà wé òṣùwọ̀n kan tí ó wà nínú ara rẹ̀. Bí iná tí ń jáde bá ń lọ sílẹ̀, yóò jẹ́ kí ọ̀nà pẹ́ díẹ̀ sí i ní ṣíṣí. Bí ó bá ń ga jù, yóò tètè tì í. Ẹ̀kẹta, ọ̀pọ̀ nínú wọn a máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà: bí iná tí ń gba inú tiransísítọ̀ bá pọ̀ jù, wọn yóò ti ọ̀nà lójú ẹsẹ̀.

Ní ọdún 1976 ni irú áísì yìí àkọ́kọ́ jáde. SG1524 ni orúkọ rẹ̀. Robert Mammano ni ó ṣètò rẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ Silicon General ní Amẹ́ríkà. Láti ìgbà náà ni ẹbí yìí ti ń bí sí i, tí ó sì ń rẹ̀ sí i. Lónìí, bí a bá tẹ́ ogún irú wọn sórí tábìlì, ojú lásán kò lè dá wọn mọ̀. Gbogbo alángbá ni ó da inú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run.

3. Ohun tí orúkọ ń sọ àti èyí tí kò sọ

Lẹ́tà àti nọ́ńbà máa ń wà lára áísì kọ̀ọ̀kan. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, lẹ́tà tí ó ṣáájú ń sọ ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é, nọ́ńbà àárín ń sọ irú iṣẹ́ rẹ̀, lẹ́tà ìparí sì ń sọ irú ìwọ̀sọ tí a wọ̀ fún un tàbí àtúnṣe tí ó ti rí. Ẹni tí ó bá ń wá arọ́pò gbọ́dọ̀ mọ èyí tí ó ṣe pàtàkì nínú wọn.

Ẹ jẹ́ kí á wo UC3842. Unitrode ni ilé-iṣẹ́ tí UC ń tọ́ka sí níbẹ̀rẹ̀. Texas Instruments ra Unitrode ní ọdún 1999, ṣùgbọ́n orúkọ náà kò yí padà. KA3842 ni ti Samsung. Apá iṣẹ́ yìí bọ́ sọ́wọ́ Fairchild ní ọdún 1999 kan náà, ON Semiconductor sì ra Fairchild ní ọdún 2016. Ilé tí wọ́n ti wá yàtọ̀, iṣẹ́ wọn kò yàtọ̀: KA3842 lè jókòó sí àyè UC3842.

Nígbà mìíràn, orúkọ kò jọra rárá, ohun kan náà sì ni. TL494, tí Texas Instruments ń ṣe, KA7500 àti MB3759 ti Fujitsu kò ní nọ́ńbà tí ó pa wọ́n pọ̀. Bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ 16 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní, ètò ẹsẹ̀ wọn dọ́gba, ọ̀kan sì lè rọ́pò èkejì nínú ẹ̀rọ apèsè-iná àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí a ti sábà máa ń rí wọn. Bí àgbàdo àti yangan ni wọ́n rí: orúkọ yàtọ̀, oúnjẹ kan náà ni. TL594 tilẹ̀ wà tí ó sàn ju TL494 lọ: òṣùwọ̀n inú rẹ̀ kì í fi ju ìdá 1 nínú 100 yẹ̀ nígbà tí ti TL494 lè fi ìdá 5 yẹ̀, kò sì ní bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ bí iná tí ó ń gbà kò bá tíì tó. TL594 lè rọ́pò TL494. Ṣùgbọ́n kí á tó fi TL494 rọ́pò TL594, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá àwọn àbùdá méjì wọ̀nyí ni ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ náà gbẹ́kẹ̀ lé. Ìbáramu lè jẹ́ ọ̀nà àlọ láìjẹ́ ọ̀nà àbọ̀.

Ní ìdà kejì, orúkọ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà kí ìwà má bára mu. SG3524 àti SG3525 wà nínú ọ̀pọ̀ ínfátà tí a ń lò nílé nígbà tí iná bá lọ. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni ó là wọ́n láàárín, ẹsẹ̀ 16 ni àwọn méjèèjì sì ní. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kẹjọ SG3524 ni ó ń kan ilẹ̀, nígbà tí ẹsẹ̀ kẹjọ SG3525 wà fún mímú kí iṣẹ́ rọra bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ kejìlá ni SG3525 fi ń kan ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ kejìlá SG3524 jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí àṣẹ rẹ̀ ń gbà jáde. Ẹni tí ó bá fi ọ̀kan sí àyè èkejì láìyí ọ̀nà ẹsẹ̀ wọn padà ti ba iṣẹ́ jẹ́ kí ó tó tan iná.

Àwọn àmì kéékèèké pàápàá kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ní èdè tiwa, igbá kì í ṣe igba, igba kì í sì í ṣe ìgbà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé lẹ́tà kan náà ni a fi kọ wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni UC1842, UC2842 àti UC3842 rí. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe, ṣùgbọ́n UC3842 wà fún ibi tí ooru tàbí òtútù rẹ̀ wà láàárín 0 sí 70 lórí òṣùwọ̀n Celsius, UC2842 lè fara da -40 sí 85, UC1842 sì lè fara da -55 sí 125. Lẹ́tà ìparí náà ní iṣẹ́ tirẹ̀: UC3842 kan wà tí ó ní ẹsẹ̀ mẹ́jọ, òmíràn sì wà tí a fi ẹsẹ̀ 14 gbé kalẹ̀. Lẹ́tà A tí a fi kún UC3842A náà kì í ṣe àsọdùn; n ó padà sórí rẹ̀.

4. Nọ́ńbà tí iná jẹ

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ní ẹ̀ka wa ní ọdún 2022. Iná wọlé lójijì lọ́jọ́ kan pẹ̀lú agbára tí ó ju bí ó ti yẹ lọ, ó sì ba ẹ̀rọ tí a fi ń gbọ́ téèpù jẹ́. Lórí àwọn téèpù náà ni ohùn àwọn apohùn wà, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti di ará ọ̀run. A kò tíì da gbogbo ohùn náà kọ sórí ìwé. Téèpù kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ọdọọdún ni ọjọ́ ń jẹ ẹ́. Bí ẹ̀rọ náà kò bá ṣiṣẹ́ mọ́, a kò ní òmíràn tí yóò ka irú téèpù bẹ́ẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó wá tún un ṣe tú u palẹ̀. Tiransísítọ̀ ńlá ti bẹ́, ojú áísì aṣàkóso sì ti fọ́. Ohun tí a lè kà lára rẹ̀ kò ju UC384 lọ. Iná ti jẹ nọ́ńbà tí ó kẹ́yìn. Áísì mẹ́rin ni ó ń jẹ́ orúkọ tí ó bẹ̀rẹ̀ báyìí nínú ẹbí náà: UC3842, UC3843, UC3844 àti UC3845. Ẹsẹ̀ mẹ́jọ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní, ètò ẹsẹ̀ wọn sì dọ́gba délẹ̀. Ẹsẹ̀ kejì ń gba ìjábọ̀, ẹsẹ̀ kẹta ń ṣọ́ iná inú tiransísítọ̀, ẹsẹ̀ kẹrin ni a fi rẹsítọ̀ àti kapásítọ̀ sí láti fi ṣètò ìlù, ẹsẹ̀ karùn-ún kan ilẹ̀, ẹsẹ̀ kẹfà ń pàṣẹ fún tiransísítọ̀ ńlá, ẹsẹ̀ keje ń gba oúnjẹ áísì fúnra rẹ̀, ẹsẹ̀ kẹjọ sì ni ibi tí òṣùwọ̀n 5 fólìtì ti ń jáde.

Níbo wá ni wọ́n ti yàtọ̀? Ibi méjì ni. Àkọ́kọ́ ni ibi tí wọ́n ti ń jí àti ibi tí wọ́n ti ń sùn. UC3842 àti UC3844 kì í jí títí iná tí ń wọ ẹsẹ̀ keje yóò fi tó nǹkan bí 16 fólìtì, wọn kì í sì í sùn padà àfi bí ó bá wálẹ̀ dé nǹkan bí 10. UC3843 àti UC3845 ń jí ní nǹkan bí 8.4 fólìtì, wọ́n sì ń sùn ní 7.6. Ìkejì ni bí ọ̀nà ṣe lè pẹ́ tó ní ṣíṣí. UC3842 àti UC3843 lè jẹ́ kí ọ̀nà wà ní ṣíṣí fún ohun tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo àkókò láàárín ìlù kan sí èkejì. UC3844 àti UC3845 kò jẹ́ kí ó kọjá ìdajì.

Ohun tí ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ṣe ni ohun tí àwa náà ń ṣe nígbà tí kòkòrò bá ti jẹ ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé àfọwọ́kọ: ó ka ohun tí ó yí àlàfo náà ká. Ó rí i pé láti ara iná tí ó ju 300 fólìtì lọ ni rẹsítọ̀ kan ti ń bu oúnjẹ àkọ́jí fún áísì, tí okùn kékeré kan lára tiransífọ́mà yóò sì gba ìtọ́jú rẹ̀ lẹ́yìn tí ó bá ti jí. Irú ètò báyìí ń fẹ́ áísì tí àlàfo tí ó gbòòrò wà láàárín jíjí àti sísùn rẹ̀. Nítorí náà, UC3842 tàbí UC3844 ni. Ó tún wo tiransífọ́mà àti ohun tí ó tẹ̀ lé e. Ó rí okùn kan tí a wé síbẹ̀ láti máa gbọn agbára ìfà irin náà dànù nígbà tí ọ̀nà bá tì, ó sì rí kọ́ìlì ńlá kan ní ibi tí iná ti ń jáde. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, tí okùn ìgbọnnù rẹ̀ bá okùn àkọ́kọ́ dọ́gba, kò gbọdọ̀ ṣí ọ̀nà kọjá ìdajì àkókò. UC3844 tàbí UC3845 ni. Àwọn ẹ̀rí méjèèjì pàdé lórí ẹyọ kan: UC3844. Bí a ti dá nọ́ńbà tí iná jẹ padà nìyẹn, láìsí àbá tí kò ní ìdí.

5. Arọ́pò tí ó wọlé ṣùgbọ́n tí kò bá ilé mu

Nígbà tí a dé ọjà, ẹni tí ń ta ẹ̀yà ẹ̀rọ kò ní UC3844 lọ́wọ́. Ó mú UC3842 wá. Ó ní, “Bàbá, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Ẹsẹ̀ mẹ́jọ ni eléyìí ní, ẹsẹ̀ mẹ́jọ ni tiyín náà ní. Ọ̀kan náà ni wọ́n.” Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó bá mi lọ dá a lóhùn pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹsẹ̀ wọn dọ́gba lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìrìn wọn kò dọ́gba.”

Ẹ jẹ́ kí á yẹ ìrìn náà wò. Nígbàkúùgbà tí ọ̀nà bá ṣí, agbára ìfà ń kó jọ sínú irin tiransífọ́mà. Nígbà tí ọ̀nà bá tì, agbára náà gbọ́dọ̀ gbẹ tán kí ọ̀nà tó tún ṣí. Níbi tí àwọn okùn ti dọ́gba, iye àkókò tí ó fi kún náà ni yóò fi gbẹ. UC3844 kò jẹ́ ṣí ọ̀nà kọjá ìdajì, nítorí náà àyè wà fún gbígbẹ. Bí UC3842 bá wà níbẹ̀, tí ó sì ṣí ọ̀nà kọjá ìdajì, ìyókù yóò máa ṣẹ́kù, yóò sì máa gun orí ara wọn, títí irin náà kò fi ní lè gba nǹkan mọ́. Nígbà náà ni iná yóò ya gba inú tiransísítọ̀ bí odò tí ó fọ́ ìdènà rẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ tí ó wà ní ẹsẹ̀ kẹta lè gbìyànjú láti dá a dúró, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi gbogbo ìgbẹ́kẹ̀lé rẹ̀ sí ẹ̀ṣọ́ náà nìkan ń fi iná ṣeré.

Ohun mìíràn tún wà. UC3844 máa ń pín ìlù inú rẹ̀ sí méjì kí ó tó pàṣẹ. Bí rẹsítọ̀ ẹsẹ̀ kẹrin bá jẹ́ 10,000 óòmù, tí kapásítọ̀ ibẹ̀ sì jẹ́ 3.3 nanofarad, ìlù inú yóò dún ní nǹkan bí ìgbà 52,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ṣùgbọ́n ìgbà 26,000 péré ni ọ̀nà yóò ṣí. UC3842 kì í pín in. Láìfọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn, iṣẹ́ tiransísítọ̀ yóò di ìlọ́po méjì, ooru rẹ̀ yóò sì pọ̀ sí i.

Ewu tí ó pamọ́ jù lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ẹ̀rọ náà lè ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ dán an wò. Bí iná ara ògiri bá dára, tí iṣẹ́ kò sì pọ̀, áísì kò ní láti ṣí ọ̀nà kọjá ìdajì. Nígbà tí iná bá rẹlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń rẹlẹ̀ láwọn àdúgbò wa lálẹ́, ni áísì yóò gbìyànjú láti fi ṣíṣí tí ó pẹ́ di àìtó iná. Ọjọ́ náà ni arọ́pò yóò fi ìwà rẹ̀ hàn. Oníṣẹ́ ti gba owó lọ nígbà náà. Iná mànàmáná ni wọn yóò sì di ẹ̀bi rù. Pé ẹ̀rọ tàn kì í ṣe ẹ̀rí pé arọ́pò bá a mu.

Àwọn àṣìyàn mìíràn náà ní ìyà tiwọn. Bí a bá fi UC3842 sínú ẹ̀rọ tí ń jẹ iná bátìrì 12 fólìtì, tí a ti ṣe fún UC3843, kò ní jí láéláé, nítorí pé 12 kò tó 16. Bí a bá yí i padà, tí a fi UC3843 sí àyè UC3842, yóò tètè jí, ṣùgbọ́n yóò tètè sùn. Ẹ jẹ́ kí á gbà pé kapásítọ̀ tí ń bọ́ ọ jẹ́ 100 microfarad, tí áísì àti àṣẹ rẹ̀ sì ń jẹ 15 mílíáńpù. UC3842 yóò ní nǹkan bí ìdá 40 nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá kan kí ó tó wálẹ̀ láti 16 dé 10 fólìtì. Okùn tiransífọ́mà yóò ti gba ìtọ́jú rẹ̀ kí àkókò náà tó pé. Fún UC3843, láti 8.4 dé 7.6 kò ju nǹkan bí ìdá 5 nínú 1,000 lọ. Yóò máa jí, yóò máa sùn, ẹ̀rọ yóò sì máa dún ‘tí-tí-tí’ láìtàn.

Lẹ́tà A tí mo fi sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nìyí. UC3842 lásán lè fẹ́ tó 1 mílíáńpù kí ó tó jí. UC3842A kò fẹ́ ju 0.5 lọ. Bí ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ bá ti lo rẹsítọ̀ 470,000 óòmù láti ara 325 fólìtì, ohun tí yóò máa wọlé jẹ́ nǹkan bí 0.66 mílíáńpù. Ó tó fún èyí tí ó ní A. Ó lè má tó fún èyí tí kò ní in. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni ó pààlà láàárín ẹ̀rọ tí ń jí àti èyí tí kò jí.

6. Ètò ìwádìí

Láti inú ohun tí a ti sọ, a lè to àwọn ìbéèrè tí ó yẹ kí á béèrè. Abéèrè kì í ṣìnà.

Ìbéèrè àkọ́kọ́: ṣé áísì gan-an ni ó bàjẹ́? Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, rẹsítọ̀ tí ń bọ́ ọ ni ó ti já, tàbí kapásítọ̀ kékeré ẹsẹ̀ keje ni ó ti gbẹ. A kì í sin ẹni tí ebi lásán dá dùbúlẹ̀.

Ìkejì: kí ni ó pa á? Nígbà tí tiransísítọ̀ ńlá bá bẹ́, iná ńlá a máa gba ibẹ̀ ya wọ ẹsẹ̀ kẹfà àti ẹsẹ̀ kẹta. Ẹni tí ó bá pààrọ̀ áísì nìkan, tí kò yẹ tiransísítọ̀ náà wò àti àwọn rẹsítọ̀ tí ó wà lẹ́bàá rẹ̀, yóò tún padà sí ọjà lọ́la.

Ìkẹta: kí ni ìwé àbùdá sọ? Ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe áísì máa ń tẹ ìwé kan tí ó ń sọ àbùdá rẹ̀. A gbọ́dọ̀ gbé ìwé àbùdá ti àtijọ́ àti ti arọ́pò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí á wo ètò ẹsẹ̀, ibi jíjí àti ibi sísùn, bí ọ̀nà ṣe lè pẹ́ tó ní ṣíṣí, ìlù, oúnjẹ àkọ́jí, àti iná tí ó pọ̀ jù lọ tí ó lè fara dà. Ti ìkẹyìn yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré: UC3842 lè gba 30 fólìtì, ṣùgbọ́n UCC28C42, tí ètò ẹsẹ̀ rẹ̀ bá tirẹ̀ mu, kò gbọdọ̀ gbà ju 20 lọ.

Ìkẹrin: ṣé ohun tí a kọ sí ara èyí tí a rà ni òun í ṣe lóòótọ́? Àwọn oníjìbìtì a máa pa orúkọ áísì kan rẹ́, kí wọ́n sì tẹ òmíràn lé e. Ìwà ni a ó fi dá a mọ̀. Kí á tó jó o mọ́ pátákó, a ó fún ẹsẹ̀ keje rẹ̀ ní iná díẹ̀díẹ̀ láti orísun tí a lè dárí, a ó sì máa wo ẹsẹ̀ kẹjọ. Ibi tí 5 fólìtì bá ti yọ ni ibi jíjí rẹ̀. Bí a bá ń dín iná náà kù, ibi tí 5 fólìtì bá ti parẹ́ ni ibi sísùn rẹ̀. KA3844B ni a rí rà nígbẹ̀yìn. Ó jí nítòsí 16, ó sùn nítòsí 10, àṣẹ ẹsẹ̀ kẹfà rẹ̀ sì ń jáde ní ìdajì ìlù ẹsẹ̀ kẹrin. Ó jẹ́ orúkọ rẹ̀, a sì gbé e wọlé.

Ìkarùn-ún jẹ́ ìkìlọ̀. Kapásítọ̀ ńlá lè di iná tí ó ju 300 fólìtì lọ mú lẹ́yìn tí a ti yọ wáyà kúrò lára ògiri; ó lè pa ènìyàn. A gbọ́dọ̀ fi rẹsítọ̀ fà á gbẹ, kí á sì wọ̀n ọ́n, kí ọwọ́ tó kàn án. Nígbà tí a bá sì fẹ́ tan ẹ̀rọ lẹ́yìn àtúnṣe, kí á fi gílóòbù alágbára 60 tàbí 100 watt, irú ti àtijọ́ tí wáyà inú rẹ̀ ń pọ́n, sí ojú ọ̀nà iná tí ń wọlé. Bí àṣìṣe kan bá kù, gílóòbù ni yóò tàn. Tiransísítọ̀ kò ní bẹ́. Ẹni tí kò bá kọ́ iṣẹ́ yìí kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é.

7. Àgbálọgbábọ̀

Mo ti gbìyànjú láti fi hàn pé orúkọ, ìrísí àti iye ẹsẹ̀ kò tó láti fi yan arọ́pò. Iṣẹ́ tí nǹkan ń ṣe, àyíká tí ó ti ń ṣe é, àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ, ni a fi ń mọ ohun tí ó bá a mu. Àwa tí a ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ ti ń sọ bẹ́ẹ̀ nípa ọ̀rọ̀ ó ti pẹ́. Ohun tí ó yẹ kí ó jẹ wá lógún ni pé àwọn kan wà ní ìgboro tí wọ́n ń ṣe irú ìwé kíkà yìí lójoojúmọ́, tí a kò sì kà wọ́n kún ọ̀mọ̀wé.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ka ìwé àbùdá ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n èdè Yorùbá ni ó fi ronú rẹ̀ lójú mi, òun ni ó sì fi ń kọ́ ọmọṣẹ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀, ìrìn, jíjí, sísùn: ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ wọn, kì í ṣe èmi ni mo hùmọ̀ wọn. Ní ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀kọ́ wọn, títí kan ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, ní èdè Yorùbá fún odindi ọdún mẹ́fà. Ètò náà fi hàn pé èdè wa lè gbé irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọṣẹ́ tí ó wà ní ṣọ́ọ̀bù atún-ẹ̀rọ-ṣe kò ní ìwé kankan ní èdè tí a fi ń kọ́ ọ. Bí ọ̀gá rẹ̀ bá kú, etí nìkan ni ó gbà á sí. Ohun tí etí bá gbàgbé, ó lọ nìyẹn.

Ìmọ̀ràn mi, nítorí náà, ni pé kí àwọn ẹ̀ka èdè ní àwọn yunifásítì wa lọ jókòó ti àwọn oníṣẹ́ wọ̀nyí, kí wọ́n gba ọ̀rọ̀ tí ó ti wà lẹ́nu wọn sílẹ̀, kí wọ́n sì bá wọn kọ ìwé àbùdá ní èdè Yorùbá fún àwọn ẹ̀yà ẹ̀rọ tí ó wọ́pọ̀ jù lọ. Kí á má ṣe jókòó sí ọ́fíìsì máa hun ọ̀rọ̀ tuntun fún ẹni tí ó ti ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a bá hun láìmọ iṣẹ́ yóò dàbí UC3842 ní àyè UC3844: yóò wọlé, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò pé, ṣùgbọ́n kò ní lè rin ìrìn ilé náà.